Kóòṣì ń bi mí "níbo ni yẹn gbà?" ṣáá: ẹ̀yin ọ́ńpáyà béìsìbọ́ọ̀lù, báwo lẹ ṣe ń dá wọn lóhùn?

Bàbá Ìbejì Houston

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, láti Sátidé ló ti ń jẹ mí lọ́kàn. Àwọn ìbejì mi ń gbá béìsìbọ́ọ̀lù ní àdúgbò wa níbí, ni líìgì bá kígbe pé ọ́ńpáyà, àwọn rẹfirí eré yìí, ò tó, kí àwọn bàbá tó bá ráyè wá kọ́ ọ, ni mo bá lọ kọ́ ọ fún ọjọ́ méjì, wọ́n fún mi ní mask, wọ́n fún mi ní ohun tí wọ́n fi ń bo àyà àti ojúgun, ó ti di ìgbà kẹsàn-án báyìí tí mo dúró sẹ́yìn plate, ohun pẹlẹbẹ funfun ilẹ̀ tí bọ́ọ̀lù ń gba orí ẹ̀ kọjá. Àwọn ọmọ ọdún 11 sí 12 ni o. Kì í ṣe tíìmù àwọn ọmọ tèmi ni mo ń ṣe fún, ẹ má tìtorí ìyẹn bá mi jà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Inning kejì, ìyẹn ìpín kejì eré, ọmọ kan ju bọ́ọ̀lù, mo ní ball, ìyẹn ni pé kò gba ibi tó yẹ kó gbà; tó bá gbà á, strike ni. Kóòṣì ẹ̀ pariwo láti inú dugout, ibi tí tíìmù ń jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, "Blue, níbo ni yẹn gbà?" Blue ni wọ́n ń pe ọ́ńpáyà níbí nítorí àwọ̀ ẹ̀wù wa. Èmi náà, ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, mo ní wọ́n ti bi mí ní ìbéèrè, ó yẹ kí n dáhùn. Mo yíjú sí i, mo ní, "Coach, ó gba ìta, ó tún lọ sílẹ̀ díẹ̀, ká ní ó..." mi ò tíì parí ẹ̀ tó fi ní, "Èwo nínú méjèèjì?" Gbogbo àwọn òbí bú sẹ́rìn-ín. Láti ìgbà yẹn lọ kò sí èyí tí kò bi mí. Nígbà tó fi máa di inning kẹrin, kóòṣì ẹgbẹ́ kejì náà ti kó sí i, "bó o ṣe fún wọn lọ́hùn-ún, fún àwa náà níbí." Ooru ń mú mi lábẹ́ mask, òógùn ń kán sí mi lójú. Bọ́ọ̀lù kan wá wọlé, mo mọ̀ pé ball ni, ẹnu mi pe strike, torí kí n ṣáà lè sinmi. Ọmọ tó jẹ́ catcher, tó ń bẹ̀rẹ̀ níwájú mi gba bọ́ọ̀lù, yí orí padà, ó wò mí láti inú mask tiẹ̀. Tíìmù tiẹ̀ ló sì ṣe láǹfààní o! Kò sọ nǹkan kan, ó kàn wò mí, ó da bọ́ọ̀lù padà.

Ṣé kí n máa dá wọn lóhùn ni àbí kí n di odi? Ìgbà wo gan-an lèèyàn ń lé kóòṣì jáde?

Ẹ̀gbọ́n Maryland

Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń ṣe é, àwọn ọmọ kéékèèké àti high school, kò sí orúkọ tí wọn ò tíì pè mí. "Ó gba ìta, ó tún lọ sílẹ̀"! Ẹ gé pàṣán méjì fún un kó fi nà yín nìyẹn. Kóòṣì tó bá bi yín níbo, ọ̀rọ̀ kan lẹ máa fún un: "Ìta." Tàbí "Ó lọ sílẹ̀." Ó parí. Ẹ má sọ ìdí ẹ̀, ẹ má sọ "díẹ̀", torí "díẹ̀" yẹn ló máa gbá mú, á ní tó bá jẹ́ díẹ̀ ni kí ló dé tẹ́ ò fún ọmọ òun. Tẹ́ ẹ bá ti sọ ọ́ tán ẹ kọjú síwájú, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ padà, kí bọ́ọ̀lù tó kàn máa bọ̀. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ ò kún agbọ̀n.

Ẹ tún kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó wí dáadáa. "Níbo ni yẹn gbà?" ìbéèrè ni, ẹ dá a lóhùn. "Háà, Blue, yẹn mà dáa o" kì í ṣe ìbéèrè, ó kàn ń mí sóde ni, ẹ ṣe bí ẹni tí ò gbọ́. "Báwo nìyẹn ṣe wá jẹ́ ball?" ó jọ ìbéèrè àmọ́ ẹjọ́ ló fẹ́ bá yín rò, ìyẹn lẹ máa dá dúró. Ọ̀nà tí mo ń gbà nìyí: àkọ́kọ́ mi ò gbọ́. Ẹlẹ́ẹ̀kejì mo wo dugout, mo gbé ọwọ́ sókè báyìí bí ẹni dá ọkọ̀ dúró, mo ní "Coach, mo ti gbọ́ yín, ó tó." Ẹlẹ́ẹ̀kẹta mo dá eré dúró, mo yọ mask, mo kìlọ̀ fún un ketekete tí gbogbo ayé gbọ́, mo sì kọ ọ́ sínú káàdì mi. Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin mo lé e, ó ń lọ sídìí ọkọ̀ ẹ̀ nìyẹn. Kò sí ọ̀kan nínú ẹ̀ tí mo máa fi rìn lọ bá a ní dugout o, ẹni tó bá rìn lọ ló ń wá ìjà.

Ní ti òfin, ẹ wo 8.02(a) nínú ìwé òfin ńlá, ti àwọn àgbà. Kóòṣì ò gbọ́dọ̀ kúrò ní dugout tàbí ibi tí wọ́n ní kó dúró sí láti wá jiyàn ball àti strike. Tó bá forí lé plate, ẹ kìlọ̀. Tó bá tún ń bọ̀, ẹ lé e. Ní ti Little League, líìgì àwọn ọmọdé, ẹni tí wọ́n bá lé kò gbọ́dọ̀ yọjú síbi ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tíìmù ẹ̀ tó kàn pàápàá, torí náà ẹ má fi ṣeré.

Àmọ́ èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbé sọ́kàn jù ni ibi tí ọkùnrin yẹn jókòó sí. Ẹ̀gbẹ́ ni dugout wà. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lè mọ̀ bóyá bọ́ọ̀lù ga tàbí ó lọ sílẹ̀, ó tiẹ̀ lè mọ̀ ọ́n jù yín lọ. Inú àti ìta ńkọ́? Láéláé. Ìbú plate ò ju ínǹṣì 17, bọ́ọ̀lù fúnra ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ínǹṣì 3 látẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́, tí etí bọ́ọ̀lù bá sì ti ré kọjá lórí etí plate, strike ni. Ta ló fẹ́ rí ìyẹn láti ẹ̀gbẹ́? Ọwọ́ catcher ló ń wò, tọ́wọ́ ọmọ náà bá nà lọ á ní ìta ni, tí ò bá nà á ní strike ni. Tó bá ń pariwo ìta, ẹ jẹ́ kó máa pariwo. Tó bá jẹ́ gíga ló ń sọ, ẹ fetí sí i, ó lè jẹ́ òótọ́.

Student Ọ́ńpáyà

Ẹ kúuṣẹ́ sà, ẹ̀yin àgbà. Ọmọdé ni mo jẹ́ láàárín yín o, ọdún 19 ni mí, mò ń fi ṣe owó ìwé. Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti ẹnu, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ojú, torí tí ojú bá ríran dáadáa ìbéèrè fúnra ẹ̀ máa dín kù.

Níbo lẹ ń dúró sí sà? Ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ló máa ń sá sẹ́yìn catcher gan-an torí ẹ̀rù bọ́ọ̀lù. Àlàfo tó wà láàárín catcher àti ẹni tó fẹ́ gbá a ni kẹ́ ẹ wà, kí àgbọ̀n yín ga tó orí catcher, kẹ́ ẹ lè rí plate látòkèdélẹ̀. Kẹ́ ẹ má sì mi orí, ojú nìkan ni kó tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù dé inú ìbọ̀wọ́. Lẹ́yìn náà ẹ dúró. Ẹ dúró ná! Ẹ kà á nínú yín, "strike ni yẹn", kẹ́ ẹ tó wá pè é síta. Èmi náà máa ń pè é nígbà tó ṣì wà lójú ọ̀nà, mo ti sọ ball tán ni bọ́ọ̀lù ẹ̀ á wá yí wọlé bí ejò, ojú á wá tì mí. Kóòṣì máa ń mọ ẹni tó ń kánjú, òun ni wọ́n ń dà láàmú.

Ẹ sọ catcher di ọ̀rẹ́ yín o. Kì í ṣe ọ̀rẹ́ tẹ́ ẹ ó máa fún ní nǹkan, mo ní kẹ́ ẹ máa bá a sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Tí plate bá dọ̀tí, tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti fi bírọ́ọ̀ṣì gbá a, àsìkò yẹn lẹ lè sọ fún un pé "èyí tó kọjá yẹn, ó fi bí ẹyin kan ṣe jìnnà." Tí inning bá parí, kóòṣì á bi í pé kí ni Blue wí, ọmọ náà á sọ fún un, ọ̀rọ̀ ti dé ibi tó ń lọ láìsí ariwo.

Kóòṣì Dallas

Ẹ̀yin ọ́ńpáyà nìkan ló ń dá ẹjọ́ ara yín níbí, ẹ ò sì pe olùjẹ́jọ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, ẹ mọ èyí tó kù.

Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún 13 sí 14. Tí mo bá bi ọ́ńpáyà pé níbo ló gbà, lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe pé mò ń bá a jà, mo fẹ́ mọ ohun tí mo máa sọ fún ọmọ mi tó ń ju bọ́ọ̀lù, ṣé kó gbé e sókè ni àbí kó fà á wọlé. Tí Blue bá ní "ó lọ sílẹ̀", ó tó mi, mo ti rí iṣẹ́ ṣe. Ọ̀gbẹ́ni tí kì í dáni lóhùn rárá, tó kàn ń wò wá bí ère, ìyẹn ló ń mú kí n máa pariwo. Ẹ dá wa lóhùn, ẹ̀ẹ̀kan, kẹ́ ẹ sì máa lọ.

Ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́ nǹkan kan fún yín, ẹ má sọ fún ẹnì kankan. Nígbà míì, mo mọ̀ pé ball ni. Mò ń pariwo torí kí ọmọ náà mọ̀ pé mo wà lẹ́yìn òun. Ọmọ ti ju mẹ́rin sóde, ojú ẹ̀ ti ń pọ́n, ó fẹ́ sunkún, tí mo bá ní "Blue, yẹn mà dáa o", ara ọmọ náà á balẹ̀. Bobby Cox tó ṣe manager, olórí kóòṣì, ní Atlanta, ó ju ìgbà 150 lọ tí wọ́n lé e jáde, wọ́n ṣì gbé e wọ Hall of Fame, ilé ọlá àwọn akọni béìsìbọ́ọ̀lù, ní 2014. Àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ ẹ̀ mọ̀ pé ìyà àwọn ló ń jẹ.

Bàbá Ìbejì, èyí tẹ́ ẹ fi sọ ball di strike yẹn ló burú jù. Ẹ wo bó ṣe rí lójú kóòṣì: mo pariwo, ó ṣiṣẹ́. Ṣé màá wá dákẹ́? Strike zone, ibi tí bọ́ọ̀lù ti ń jẹ́ strike, tó bá fẹ̀, mo lè bá a gbé, èyí tó há náà, mo lè bá a gbé, ṣùgbọ́n èyí tó wà ní inning kìíní ni kó wà ní inning kẹfà.

Bàbá Ìbejì Houston

Háà. Kóòṣì Dallas, ẹ pa mí. Òótọ́ ni.

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ gíga tẹ́ ẹ sọ yẹn ti ń yí lórí mi láti àárọ̀. Àwọn tó ga gan-an ni ọkùnrin yẹn ń bínú sí jù nígbà tí tíìmù ẹ̀ ń gbá! Mo bá pe àwọn kan ní strike tó wà ní bí àyà ọmọ, ó ní "wọn kì í pe ìyẹn lórí TV!"

Ẹ̀gbọ́n Maryland

Aháà, ẹ ti dé ibẹ̀. Ó ń wo TV, ẹ̀yin ń ka ìwé. Ti àwọn àgbà, òkè strike zone wà ní ìdajì ọ̀nà láàárín èjìká àti ìgbàdí sòkòtò, ìsàlẹ̀ ẹ̀ wà ní kòtò abẹ́ orúnkún. Ti Little League, abíyá ni òkè, orí orúnkún ni ìsàlẹ̀. Ẹ rí i pé gbogbo ẹ̀ sún sókè. Bọ́ọ̀lù tó bá gba àyà ọmọ yẹn kọjá, Yankees, tíìmù àwọn àgbà ní New York, máa fi sílẹ̀, ẹ̀yin máa pè é ní strike, ẹ̀yin lẹ sì jàre. Èyí tó wà lábẹ́ orúnkún tí wọ́n ń pè lórí TV, ball ni lọ́dọ̀ yín. Irú ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù torí ó ní ìdáhùn tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojú èmi lójú ìwọ. Láàárín inning, tó bá bi yín pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ ní "Coach, abíyá dé orí orúnkún ni tiwa níbí." Ó tán. Ẹ má ṣe wàásù ẹ̀ níbi ìpàdé ìbẹ̀rẹ̀ eré o, tẹ́ ẹ bá ti ń ṣàlàyé strike zone yín níbẹ̀, ẹ ti fún wọn ní rúlà tí wọ́n máa fi wọ̀n yín.

Ìyá Dára Chicago

Èmi ò ṣe ọ́ńpáyà, ẹ̀yìn wáyà ni mo máa ń jókòó pẹ̀lú kúlà mi. Mo kàn fẹ́ sọ pé kẹ́ ẹ máa mọ ẹni tó sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó lé èèyàn o. April 2024, Yankees ń bá Oakland gbá, bọ́ọ̀lù márùn-ún péré ni wọ́n tíì jù, ọ́ńpáyà ti kìlọ̀ fún Aaron Boone, manager Yankees nígbà yẹn, pé kó pa ẹnu ẹ̀ mọ́, Boone sì pa á mọ́ lóòótọ́, ni òǹwòran kan tó jókòó sẹ́yìn dugout bá pariwo, ọ́ńpáyà lé Boone! Boone ń tọ́ka sẹ́yìn pé kì í ṣe òun, ọ́ńpáyà ní kò kan òun ẹni tó sọ ọ́. Gbogbo ayé ló wo fídíò yẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe é fún àwọn ọmọ wa, àwa òbí la máa ń pariwo jù, mo mọ̀, ẹ má fi tiwa lé kóòṣì. Ẹ pe alábòójútó pápá kó wá bá wa sọ̀rọ̀.

Ará Ìbàdàn

Ẹ kú àlàyé o. Mi ò mọ orí mi ò mọ ìdí eré yìí, àwa bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ la mọ̀. Ṣé wọn ò ní VAR ni? Kí wọ́n gbé ẹ̀rọ síbẹ̀ kí gbogbo ariwo parí.

Student Ọ́ńpáyà

Ó ti dé o, bọ̀dá. Ní Korea, láti 2024 ni ẹ̀rọ ti ń pe gbogbo ball àti strike ní líìgì wọn tó ga jù, ọ́ńpáyà kàn ń gbọ́ ọ létí ni. MLB, líìgì àwọn àgbà ní Amẹ́ríkà níbí, fọwọ́ sí tiwọn fún 2026, àmọ́ tiwọn yàtọ̀, èèyàn ló ṣì ń pè é, tíìmù kọ̀ọ̀kan wá ní ẹ̀tọ́ láti tako ìpè lẹ́ẹ̀mejì, tí wọ́n bá jàre wọn kì í pàdánù ẹ̀. Plate ṣì jẹ́ ínǹṣì 17, òkè jẹ́ 53.5% gíga ẹni tó ń gbá a, ìsàlẹ̀ jẹ́ 27%. Ẹ wá gbọ́ ibi tó dùn: ẹni tó ju bọ́ọ̀lù, catcher àti ẹni tó ń gbá a nìkan ló lè tako, kó gbá fìlà ẹ̀ pẹ́pẹ́ lójú ẹsẹ̀. Kóòṣì ò lẹ́nu níbẹ̀ rárá, dugout ò gbọdọ̀ ṣẹ́jú sí wọn.

Kóòṣì Dallas

Wọ́n gba oúnjẹ lẹ́nu wa 😂

Ará Ìbàdàn

Tiwa tí a ní VAR, a ṣì ń jà. Ẹ kú orí ire.

Bàbá Ìbejì Houston

Ó ku ìkan. Tó bá jẹ́ pé mo ṣì í pè lóòótọ́ ńkọ́, tí kóòṣì sì bi mí? Ṣé kí n gbà?

Student Ọ́ńpáyà

Ibi tí mo ti kọ́ ọ, wọ́n ní rárá. Ẹyin lohùn.

Ẹ̀gbọ́n Maryland

Èmi ò gbà pẹ̀lú ìyẹn pátápátá, àbúrò. Ìpè náà ò ní yí padà, ìyẹn dájú, ẹ má sì san án padà pẹ̀lú bọ́ọ̀lù mìíràn. Ṣùgbọ́n mo ti sọ fún kóòṣì rí láàárín inning, ohùn ìsàlẹ̀, òun àti èmi nìkan, pé "èyí yẹn, ó ṣeé ṣe kí n pàdánù ẹ̀." Ó mi orí, ó padà lọ jókòó, kò tún sọ̀rọ̀ títí eré fi parí. Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ lè ná an nínú eré kan. Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á ní ẹ̀yin fúnra yín mọ̀ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n.

Kóòṣì Dallas

Mo fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, mi ò ní ohun tí mo fẹ́ fi bá a jà mọ́. Inú á tiẹ̀ tún bí mi pé mi ò lè pariwo.

Bàbá Ìbejì Houston

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti dé láti pápá òní. Kì í ṣe kóòṣì ọjọ́sí, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wọ́n. Inning kìíní, "Blue, níbo?" Mo ní "Ìta." Mo bẹ̀rẹ̀ padà. Ó dákẹ́! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín sínú mask. Inning kẹta ó bi mí lẹ́ẹ̀kan sí i, "Ó lọ sílẹ̀", ó yíjú sí ọmọ ẹ̀, ó ní kó gbé e sókè, gẹ́gẹ́ bí Kóòṣì Dallas ṣe wí. Inning kẹrin ó ń kùn ṣáá, mo gbé ọwọ́ sókè, mo ní mo ti gbọ́. Karùn-ún, ọmọ ẹ̀ kan jáde nígbà tí mo pe èyí tó gba abíyá ní strike, ni bàbá bá ta kúrò ní dugout, ó ti rìn bí ẹsẹ̀ mẹ́rin. Àyà mi ń lù kìkì. Mo yọ mask, mo ní "Coach, ìkìlọ̀ nìyí, ẹ padà." Mi ò kúrò lójú kan. Ó dúró, ó wò mí, ó wo plate, ó padà. Mo kọ ọ́ sínú káàdì, ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé mi ò lè ka ohun tí mo kọ báyìí.

Mo ṣì ṣi bí méjì pè, mo mọ̀ wọ́n. Àmọ́ kò sí èyí tí mo pè torí kí n lè sinmi. Lẹ́yìn eré, kóòṣì yẹn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbi ọkọ̀, ó ní "abíyá, àbí?" Mo ní "abíyá." Ó ní òun máa lọ wò ó.

Bọ́ọ̀lù kan ta lára igi tí wọ́n fi ń gbá a, ó bà mí ní ọmọ ìka ẹsẹ̀, ó ti wú. Kẹ́ńfáàsì lásán ni mo wọ̀ lọ. Irú bàtà wo lẹ ń wọ̀?

Ẹ̀gbọ́n Maryland

Kẹ́ńfáàsì sẹ́yìn plate! Bàtà ọ́ńpáyà wà lọ́tọ̀ sà, ó ní irin lórí ọmọ ìka, ó tún bo ẹ̀yìn ẹsẹ̀ lókè. Ẹ fi yìnyín sí i lálẹ́ yìí. Nọ́ńbà mélòó lẹ ń wọ̀? Mo ní ọ̀kan nílé tí mi ò lò mọ́.

Bàbá Ìbejì Houston

Mọ́kànlá, ẹ̀gbọ́n.

Ẹ̀gbọ́n Maryland

Ó bá yín mu. Ẹ fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀.